Ìlà ọgbà ìgbafẹ́ fún àkàndá: ètò wo ló bá ẹni tí ẹ fẹ́ mú lọ mu?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní ọ́tísìmù, ìpèníjà ìdàgbàsókè kan, kì í bẹ̀rù ẹ̀rọ eré. Bí ẹ bá gbé e sórí ọkọ̀ irin eré tó ń já wálẹ̀ láti òkè fíofío, ẹ̀rín ni á máa rín. Ohun tó ń ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ni iṣẹ́jú 40 tó ṣáájú: irin lọ́tùn-ún, irin lósì, ariwo lókè orí, ara ẹlòmíràn tó ń kàn án lẹ́yìn, àti ìlà tí kò mọ ìgbà tó máa dópin. Ìyá mi ńkọ́? Ariwo kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Orúnkún wọn ni kò gbà kí wọ́n dúró ju iṣẹ́jú 10 lọ. Bí wọ́n bá ti rí àga onítáyà jókòó sí, wọ́n lè wà lórí ìlà fún odindi wákàtí kan, kí wọ́n máa bá ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn tàkúrọ̀sọ.

Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo àwọn méjèèjì, pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Àmọ́ ètò tó yọ ọ̀kan nínú wàhálà lè má ṣe èkejì láǹfààní kankan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìnà. Wọ́n á béèrè pé, "Ọgbà wo ló dára jù fún àkàndá?" Èmi kì í béèrè bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo máa ń béèrè pé: níbo ni ẹni wa yóò ti dúró? Ta ni yóò ní ká mú ẹ̀rí wá? Nígbà tó bá sì kàn wá, ṣé ara rẹ̀ lè wọ ìjókòó ẹ̀rọ náà? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fi gbé àwọn ọgbà tó wà nísàlẹ̀ yìí yẹ̀ wò.

Káàdì kì í pa dídúró rẹ́

Títí di ọdún 2013, Disney ní Amẹ́ríkà ní káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Guest Assistance Card. Ẹni tó bá mú un dání sábà máa ń gba ẹnu ọ̀nà míràn wọlé láìpẹ́. Lọ́dún yẹn ni ìròyìn jáde pé àwọn olówó kan ń háyà àkàndá kí ó bá wọn rìn káàkiri ọgbà, kí wọ́n lè fo ìlà. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, Disney pa káàdì yẹn tì, wọ́n sì gbé Disability Access Service kalẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní DAS.

Ìlànà tó wá gbòde báyìí, ní Disney àti ní ọ̀pọ̀ ọgbà míràn, ni pé ẹ kò ní fo ìlà. Ẹ ó dúró, àmọ́ kì í ṣe nínú ìlà. Bí pátákó ẹnu ọ̀nà bá sọ pé iṣẹ́jú 60 ni, ẹ ó gba àkókò ìpadàbọ̀ tó sún mọ́ iyẹn. Ní gbogbo àkókò yìí ẹ lè jókòó sábẹ́ òjìji, kí ẹ jẹun, kí ẹ lo oògùn, kí ẹ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí àkókò bá pé, ẹ ó gba ẹnu ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ kúrú.

Fún ẹni tí èrò àti ariwo ń dà láàmú, èyí lè yí gbogbo ọjọ́ padà. Fún ẹni tí "dúró ná, a ó padà wá" kò ní ìtumọ̀ kankan lójú rẹ̀, kò tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ọ́tísìmù àti ìyá rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́ ní Florida. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò lè lóye dídúró bẹ́ẹ̀, àti pé bí ó ṣe ń to àwọn ẹ̀rọ tẹ̀ léra wọn kò ṣeé yí padà. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n padà gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní ọdún 2020, adájọ́ dá Disney láre. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, torí mo mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó jẹ́ kí ibi tí òfin dé hàn kedere: òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1990 lórí ẹ̀tọ́ àkàndá, tí wọ́n ń pè ní ADA, ní kí ọgbà ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu. Kò sọ pé kí wọ́n gbé yín wọ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀.

Disney ní Florida àti California

DAS ìgbà àkọ́kọ́ gba oríṣiríṣi ènìyàn mọ́ra. Ti ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024 ní Florida, àti oṣù kẹfà ọdún náà ní California, Disney ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè bí ọ́tísìmù tàbí ohun tó jọ ọ́, tí kò sì lè pẹ́ lórí ìlà nítorí rẹ̀, ni wọ́n ṣe ètò náà fún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ nítorí àìsàn ìfun tàbí ìrora oríkèé ni kò rí i gbà mọ́. Ohun tí wọ́n ń fún irú wọn ni àyè láti kúrò lórí ìlà, kí wọ́n lọ ṣe ohun tó ń ṣe wọ́n, kí wọ́n sì padà wá bá ẹbí wọn níbi tí ìlà bá dé. Lójú tèmi, ìyẹn kò tó fún ẹni tí ìfun rẹ̀ kì í ta á lólobó. Ẹni tó bá dá nìkan wá ńkọ́? Ta ni yóò bá a di àyè rẹ̀ mú?

Orí ìpè fídíò ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, ó sì dára kí ẹ ṣe é kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tí ẹ ń gbà á fún gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọn kì í béèrè ìwé dókítà. Ẹnu ni ẹ ó fi ṣàlàyé, oníṣẹ́ ìlera kan sì lè dá sí ìjíròrò náà. Èyí dára fún ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, kò sì dára fún ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣàlàyé ara ẹni fún àjèjì. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí ni pé kí wọ́n má ṣe dá orúkọ àìsàn sọ kí wọ́n dákẹ́. Kí wọ́n sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an lórí ìlà: lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó ló máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ló máa ń ṣe, ṣé ó máa ń sá, ṣé ó máa ń lu ara rẹ̀, báwo ni ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹ má ṣe bù mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe yọ kúrò nínú rẹ̀ nítorí ìtìjú. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó parọ́, wọ́n lè fòfin dè é kúrò nínú ọgbà wọn títí láé.

Ẹni mẹ́rin ni DAS kan sábà máa ń gbà, ẹni tó ni ín pẹ̀lú mẹ́ta míràn, àyàfi bí ẹbí tímọ́tímọ́ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ín gan-an gbọ́dọ̀ gun ẹ̀rọ náà. Ẹ kò lè gbà á kí ó jókòó sítòsí kí ẹ̀yin máa gùn.

Ní ti irú ìyá mi, DAS kì í ṣe tiwọn, wọn ò sì nílò rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìlà Disney ni àga onítáyà lè gbà kọjá. Níbi tí kò bá ti lè gbà, pàápàá àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ní California, òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà yóò fún wọn ní àkókò ìpadàbọ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìforúkọsílẹ̀, kò sí fídíò.

Universal: ìwé ni wọ́n fẹ́ rí

Ọ̀nà míràn pátápátá ni Universal, ilé iṣẹ́ míràn tó ní ọgbà ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà, ń tọ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ ó kọ́kọ́ gba káàdì ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ IBCCES, àjọ kan tó ń forúkọ àkàndá sílẹ̀ fún àwọn ọgbà. Ẹ ó fi fọ́tò àti ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, irú bí ìwé dókítà tàbí ti ìjọba. Ọdún kan ni káàdì náà ń lò, àwọn ọgbà míràn bíi Six Flags sì ń gbà á. Àmọ́ káàdì yìí nìkan kò fún yín ní nǹkan kan. Ọgbà fúnra rẹ̀ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì pinnu ohun tí yóò fún yín. Ẹ má ṣe fi í di ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò. Wákàtí 48, ó kéré tán, ni wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀. Èmi máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn ni Attraction Assistance Pass. Bí ìlà kò bá tó iṣẹ́jú 30, ẹ ó gba ẹnu ọ̀nà míràn wọlé lójú ẹsẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó gba àkókò ìpadàbọ̀. Wọ́n tún ní Guest Assistance Pass, tí kò ní àkókò ìpadàbọ̀ rárá, fún ẹni tí dídúró níta pàápàá kò ṣeé ṣe fún. Kò rọrùn láti rí gbà. Síbẹ̀, òun ni mo fi máa ń sọ fún òbí tí ọmọ rẹ̀ kò lóye "a ó padà wá" pé kó kọ́kọ́ kàn sí Universal kó tó kàn sí ibòmíràn.

Lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá wọn, wọ́n gbé ìjókòó ìdánwò síta. Ẹ jókòó nínú rẹ̀, ẹ fa irin ìdènà rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ rí i bóyá ó bá ara yín mu, láìsí ẹni tó ń wò yín lẹ́yìn. Ó yẹ kí gbogbo ọgbà ní irú èyí.

Bìrìtéènì: àmì dípò orúkọ àìsàn

Alton Towers, Thorpe Park, Chessington àti LEGOLAND Windsor wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà, Merlin. Níbẹ̀, Ride Access Pass ni ẹ ó gbà, àmọ́ àjọ Nimbus ló kọ́kọ́ máa yẹ ẹ̀rí yín wò. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú káàdì Nimbus ni pé kì í kọ orúkọ àìsàn yín síwájú gbogbo ayé. Àmì ló ń lò: ọ̀kan fún ẹni tí kò lè pẹ́ lórí ìlà, ọ̀kan fún ẹni tó ń lo àga onítáyà, ọ̀kan fún ẹni tó nílò olùrànlọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ wo àmì, ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, kò sì ní ìdí láti béèrè ohun tó ń ṣe yín níwájú èrò.

Nígbà tí ẹ bá ti gun ẹ̀rọ kan, ẹ ó dúró fún iye àkókò tí ìlà rẹ̀ gùn tó kí ẹ tó lè gun òmíràn. Nítorí náà, dídúró ń bọ̀ lẹ́yìn eré dípò kó ṣáájú rẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ ọmọ tó ti rẹ́rìn-ín tán máa ń ní sùúrù ju ọmọ tó ṣì ń retí lọ. Mo ti rí i lára ti tiwa.

Owó ni ìyàtọ̀ kejì. Àṣà tó wọ́pọ̀ ní Bìrìtéènì ni pé olùrànlọ́wọ́ tí ẹ̀rí wà fún ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọgbà Merlin. Ní Disney ti Amẹ́ríkà, tíkẹ́ẹ̀tì kíkún ni olùrànlọ́wọ́ ń san, torí ADA kò ní kí wọ́n jẹ́ kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi èyí ṣírò owó ìrìn àjò yín dáadáa, pàápàá bó bá jẹ́ pé ọjọ́ mélòó kan ni ẹ ó lò.

Disneyland Paris

Orúkọ Disney kò ní kí ẹ rò pé ètò kan náà ni. Ní Paris, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè, yálà káàdì àkàndá tí ìjọba fún yín tàbí ìwé dókítà. Wọ́n ní Priority Card fún àkàndá, àti Easy Access Card fún aboyún àti ẹni tí ohun tó ń ṣe é kò ní pẹ́ lọ. Kò sí ààlà tó fi sí ọ́tísìmù nìkan. Ẹni tí oríkèé ń dùn tí Florida dá padà lè rí tirẹ̀ gbà níbí, bí ìwé rẹ̀ bá pé.

Ibi tí ó ti le ni ọ̀rọ̀ ààbò. Àwọn ọgbà Faransé máa ń fi ààlà sí iye ẹni tí ìrìn kò rọ̀ lọ́rùn tó lè wà nínú ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè rí gbogbo wọn gbé jáde bí iná bá sọ tàbí bí ẹ̀rọ bá dúró. Ní àwọn ẹ̀rọ mìíràn, ẹyọ ẹnì kan ni. Bí àga onítáyà mẹ́ta bá ti wà níwájú yín, ẹnu ọ̀nà yín tó kúrú lè pẹ́ ju ìlà gbogbogbòò lọ. Wọ́n sì ń béèrè pé kí àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ le bá àkàndá náà gun àwọn ẹ̀rọ kan. Àwọn ìyá méjì tí orúnkún ń dùn kò lè fi ara wọn ṣe olùrànlọ́wọ́ fún ara wọn.

Morgan's Wonderland: ọgbà tí kò nílò káàdì

Ní ìlú San Antonio ní Texas, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gordon Hartman rí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Morgan, nínú odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan. Ọmọ náà fẹ́ bá àwọn ọmọ míràn ṣeré, àwọn yẹn sì kúrò níbẹ̀. Hartman ti ta iṣẹ́ ilé kíkọ́ rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ó wá kọ́ ọgbà yìí sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Ó ṣí i ní ọdún 2010. Éékà ilẹ̀ 25 ni.

Níbí, àkàndá kì í san owó ìwọlé. Jangirọ́fà wà tí ẹ lè ti àga onítáyà wọ̀ pẹ̀lú ẹni tó jókòó nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ẹṣin tó ń yípo. Kò sẹ́ni tó ń gbé ènìyàn láti ìjókòó kan sí òmíràn. Ní ọdún 2017, wọ́n ṣí ọgbà omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Inspiration Island. Àga onítáyà tí wọ́n ń fún àlejò níbẹ̀ kò ní bátìrì: afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì sínú agolo ló ń wà á, Yunifásítì Pittsburgh sì wà lára àwọn tó ṣe é. Ẹni tó ń lo àga oníbátìrì, tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé kó jìnnà sómi, lè lọ sábẹ́ omi tó ń rọ̀ bí òjò.

Kò sí ọkọ̀ irin eré ńlá níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ọkàn òun fò sókè kò ní rí ohun tó ń wá. Kì í sì í ṣe gbogbo ọjọ́ ọdún ni wọ́n ń ṣí, nítorí náà ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wọn wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Bí wọ́n ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ọgbà | Ẹ̀rí | Ibi tí dídúró ń ṣẹlẹ̀ | Ẹni tí mo lè rán lọ |
|---|---|---|---|
| Disney ní Amẹ́ríkà | Ìpè fídíò, kò sí ìwé | Níta ìlà, ṣáájú eré | Ọmọ tó ní ọ́tísìmù tó lè retí. Ẹni tó wà nínú àga onítáyà |
| Universal ní Amẹ́ríkà | Ìwé, lórí íntánẹ́ẹ̀tì | Kò sí bí kò bá tó iṣẹ́jú 30. Níta bó bá jù bẹ́ẹ̀ | Ẹni tí kò lè retí rárá. Ẹni tó ní ìwé dáadáa |
| Merlin ní Bìrìtéènì | Ìwé, nípasẹ̀ Nimbus | Lẹ́yìn eré | Ẹni tó nílò olùrànlọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà |
| Disneyland Paris | Ìwé | Ẹnu ọ̀nà àkàndá | Ẹni tó ní ìrora tàbí àìsàn tí kò hàn sójú |
| Morgan's Wonderland | Kò sí káàdì ìlà | Ìlà kúkúrú, fún gbogbo ènìyàn | Ẹni tí a kò lè gbé kúrò nínú àga rẹ̀ |

Ìlà parí, ìjókòó kù

Ọ̀rọ̀ ìlà ti gba gbogbo ẹnu, àmọ́ ìjókòó ló ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tí wọ́n bá kọ́ lẹ́yìn oṣù kẹta ọdún 2012 gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, àyè kan fún àga onítáyà, tàbí ìjókòó tí ènìyàn lè ti inú àga rẹ̀ sún bọ́ sí, tàbí ohun èlò tí yóò gbé e bọ́ síbẹ̀. Àwọn tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn kò sí lábẹ́ dandan yìí, àyàfi bí wọ́n bá tún wọn ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré ayé àtijọ́ kan fi lè le fún yín ju ẹ̀rọ ńlá tuntun lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ Disney kì í gbé ènìyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ní ọ̀pọ̀ ọgbà míràn. Bí ẹni yín kò bá lè dìde fún ìṣísẹ̀ méjì, ẹ̀yin ni ẹ ó gbé e. Ẹ dán an wò nílé, láti orí àga lọ sórí ìjókòó tó rẹlẹ̀, kí ẹ tó lọ dán an wò níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń dúró dè yín. Mo ti rí bàbá kan tó gbìyànjú rẹ̀ nínú ọgbà kan tí kò sí lára àwọn wọ̀nyí. Òṣìṣẹ́ ń ka ìṣẹ́jú fún un. Ọmọ náà ló bẹ bàbá rẹ̀ pé kí àwọn máa lọ.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Yàrá àkàndá lásán kò tó fún àgbàlagbà tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀. Ní Bìrìtéènì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Changing Places sí: bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀ fún àgbàlagbà, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn wà, àyè sì wà fún olùrànlọ́wọ́ méjì. Ẹ wò ó lórí máàpù ọgbà kí ẹ tó yan èyí tí ẹ ó lọ.

Okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tó ní àwòrán òdòdó sunflower, tó bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Gatwick ní ọdún 2016, ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé ẹni náà ní ìpèníjà tí kò hàn sójú. Wọ́n á fi sùúrù bá yín sọ̀rọ̀. Kò fún yín ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ìlà.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn san owó ẹnu ọ̀nà kíákíá tí ọgbà ń tà fún gbogbo ènìyàn, kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Bí ọwọ́ yín bá tó o, tí ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni, kò burú, pàápàá fún ẹni tí Disney dá padà. Àmọ́ kò dára kí àkàndá máa fi owó ra ohun tí ara rẹ̀ nílò, mi ò sì ní dákẹ́ lórí ìyẹn.

Bí mo bá fẹ́ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ìyá mi lọ pọ̀, Disney ní Florida ni mo máa yàn, torí pé ọmọ náà lè retí bí a bá fi aago hàn án, àga onítáyà sì lè bá ìlà lọ. Bí ọmọ náà kò bá lè retí rárá, Universal. Bí ìyá mi kò bá lè kúrò nínú àga wọn mọ́, Texas ni a ó gbà lọ, kí ọmọ náà fara da àìsí ẹ̀rọ ńlá fún ọjọ́ kan.

Ibi yòówù kí ẹ yàn, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn ní oṣù kan ṣáájú, kí ẹ sì tẹ èsì wọn sórí ìwé mú dání. Ẹ sọ iye ìṣísẹ̀ tí ẹni yín lè rìn, bí àga rẹ̀ ṣe wúwo tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, ohun tí ariwo ń ṣe fún un, oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: bí ẹ̀rọ bá dúró lójijì lókè, àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, ta ni yóò sì gbé e sọ̀kalẹ̀?